Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí rere ṣíṣe sú Kristẹni? Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí Gálátíà 6:9

Olùkọ́ Ìsánlú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín, ẹ okun o. Ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi tí mo ti gbé síwájú Ọlọ́run nínú àdúrà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ èrò àwọn tí wọ́n ti pẹ́ jù mí lọ nínú ìgbàgbọ́.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìsánlú, mo sì ní oko kajú díẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. A kì í ṣe olówó nílé wa, ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run fi sí wa lọ́wọ́, a kì í dá a jẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan wà tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí nígbà tí ó kéré, ọ̀dọ̀ wa ni ó dàgbà sí. Ní ọdún tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC, a ta kajú wa nígbà tí òdòdó ṣì wà lórí igi, ní iye tí oníṣòwò bá fẹ́, kí owó ìdánwò náà má baà pẹ́ jù. Lónìí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. Ó máa ń wálé, ó sì máa ń gba iwájú ilé wa kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó lọ tọrọ ìyàwó, ẹnu ará àdúgbò ni a ti gbọ́.

Ìyá àgbàlagbà kan tún wà tí ògiri ilé wa kan ti rẹ̀. Opó ni wọ́n, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Èmi ni mo ń gbé omi gbígbóná fún wọn ní òwúrọ̀, èmi ni mo sì ń gbé oúnjẹ fún wọn ní alẹ́. Àwọn ọmọ wọn wà ní Àbújá. Láìpẹ́ yìí ọ̀kan nínú wọn sọ pé ilẹ̀ ìyá àwọn tí ó wà lẹ́bàá títì ni mo ń lépa. Orí fóònù ìyá náà, tí èmi fúnra mi gbé sí wọn létí nítorí pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ẹnì kẹta, alábàágbé wa tí ó yá owó pé òun fẹ́ fi ro oko, tí kò ro oko, tí kò sì dá owó padà, tí ó tún ti wá yá òmíràn.

Ọkọ mi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo mọ ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà: “Ẹ má sì jẹ́ kí agara dá wa ní rere ṣíṣe.” Ṣùgbọ́n agara ti dá mi. Mo máa ń gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀ fún ìyá yìí báyìí, mo sì máa ń jáde láìjókòó, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ìjókòó yẹn ni wọ́n ń retí. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni àárẹ̀ yìí? Ṣé ẹsẹ Bíbélì yìí túmọ̀ sí pé n kò lè dáwọ́ ohunkóhun dúró láé? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn láti inú Ìwé Mímọ́.

Alàgbà ìjọ, Kàbà

Arábìnrin wa, ẹ kú iṣẹ́ ìfẹ́, Olúwa yóò fún yín ní okun. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì tún un kà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú àwọn ìjọ wa láti Ìjùmú títí dé Yàgbà ni wọ́n ní irú ẹrù yìí láyà tí wọn kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó ń dẹ́rù bà yín. Kí ara rẹ ènìyàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Jòhánù orí kẹrin, ó rẹ Jésù nítorí ìrìn àjò tí ó fi jókòó sí etí kànga. Nígbà tí Èlíjà sá lọ sí aginjù, tí ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, ìbáwí kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbà. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde jẹun. Ó jẹ àkàrà tí a dín lórí ẹyin iná, ó mu omi, ó tún sùn, áńgẹ́lì náà sì tún jí i lẹ́ẹ̀kejì kí ó tún jẹun sí i. Lẹ́yìn oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé oorun kò tó yín, tàbí pé ẹ kò sinmi láti ìgbà tí ilé-ìwé ti wọlé, ẹ má ṣe kà á sí pé ọkàn yín ti kú sí Ọlọ́run.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹsẹ náà níbi tí ó wà gan-an. A máa ń fa ẹsẹ kẹsàn-án yọ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó dá dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ keje ni ó ń bá lọ: ohun tí ènìyàn bá fúnrúgbìn ni yóò ká, ẹni tí ó bá fúnrúgbìn sí ti Ẹ̀mí yóò sì ti inú Ẹ̀mí ká ìyè àìnípẹ̀kun. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ìkórè ti ń bọ̀. Kò sọ pé a ó ká a lọ́wọ́ ẹni tí a ṣe oore fún. Bí ẹ bá ń retí pé kí ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín jẹ́ ìkórè yín, ẹ ń retí láti ọwọ́ ènìyàn ohun tí Ọlọ́run ṣèlérí láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ san. Pọ́ọ̀lù sì fi kún un pé a ó ká a nígbà tí ó bá yá. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kajú mọ̀ pé igi náà máa ń gbà tó bí ọdún mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí so, olóko kì í sì gé e lulẹ̀ nítorí pé àgbàdo tí ẹnìkejì gbìn ní ọdún yẹn ti gbó.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lára pé wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ti di ẹlẹ́ran ara. Nígbà tí Jésù wo àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá sàn, tí ẹnì kan ṣoṣo padà wá dúpẹ́, tí ẹni náà sì jẹ́ ará Samáríà, Jésù béèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù. Ó kíyè sí i, ó sì sọ ọ́ jáde. Síbẹ̀ kò dá ẹ̀tẹ̀ padà sára wọn. Mo fẹ́ kí ẹ di ohun méjèèjì mú pa pọ̀: ẹ lómìnira láti béèrè pé, “Àwọn mẹ́sàn-án dà?”, ẹ kò sì gbọdọ̀ kábàámọ̀ ìwòsàn náà.

Ní ti alábàágbé tí ó ń yáwó, Ìwé Mímọ́ kò fi yín sílẹ̀ láìní ìtọ́ni. Nínú Tẹsalóníkà Kejì orí kẹta, Pọ́ọ̀lù tún sọ pé kí agara má ṣe dá wọn ní rere ṣíṣe, ẹ sì wo ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà ká. Ní ẹsẹ kẹwàá ni ó ti sọ pé bí ẹnikẹ́ni kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ó má ṣe jẹun. Ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni ó ń bá wí, kì í ṣe ẹni tí kò lè ṣe é. Ní ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ní kí wọ́n má ṣe ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ọ̀tá, kí wọ́n máa gbà á níyànjú gẹ́gẹ́ bí arákùnrin. Ẹnu Àpọ́sítélì kan náà, nínú ìwé kan náà, ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti jáde. Ẹ lè sọ fún ọkùnrin náà pé ẹ kò ní yá a lówó mọ́, kí ẹ sì tún lọ bá a ro oko bí àìsàn bá dá a gúnlẹ̀. Bí ẹ bá kọ̀ láti yá a lówó, ẹ kò tíì jáwọ́ nínú rere ṣíṣe.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó ṣòro jù, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti tú ilé púpọ̀ ká ní ilẹ̀ àwa ará Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe dá gbé e. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù fẹ́ kó owó ìrànlọ́wọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Ó mú àwọn arákùnrin tí àwọn ìjọ yàn dání, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nínú Kọ́ríńtì Kejì orí kẹjọ: kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan kan sọ sí wọn nípa owó náà, nítorí pé ohun tí ó tọ́ lójú Olúwa àti lójú ènìyàn pẹ̀lú ni wọ́n ń rò. Bí Àpọ́sítélì bá gbà pé ó yẹ kí òun ní ẹlẹ́rìí, kò yẹ kí ó tì yín lójú láti wá ẹlẹ́rìí. Ẹ mú pásítọ̀ yín tàbí ìyá ìjọ kan, ẹ lọ bá olórí ẹbí ìyá náà, kí ẹ sọ níwájú wọn pé ẹ kò fẹ́ inṣi kan nínú ilẹ̀ náà, bí ìyá náà tilẹ̀ fi tọ̀ yín lọ́rẹ.

Ọmọ Bùnú

Mo bọ̀wọ̀ fún Bàbá Alàgbà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ tèmi ní gbangba. Àwọn àgbà wa sọ pé oore ni igún ṣe tí ó fi pá lórí, oore ni àkàlà ṣe tí ó fi yọ gẹ̀gẹ̀. Nítorí ọjọ́ mìíràn, kí a má ṣe oore bẹ́ẹ̀ mọ́. Arábìnrin yìí ní ọkọ, ó ní àwọn ọmọ tirẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ ìjọba. Bí àwọn ọmọ ìyá yẹn bá gbé e lọ sí kóòtù lọ́la lórí ilẹ̀, ṣé ìjọ ni yóò san owó lọ́yà? Bí ọkọ rẹ̀ bá ti ní ó tó, ó tó. Kí ó kó ọwọ́ rẹ̀ sílé, kí ó máa gbàdúrà fún wọn. Àdúrà náà oore ni.

Pásítọ̀ àwọn ọ̀dọ́, Lọ́kọ́ja

Arákùnrin mi láti Bùnú, mo gbọ́ ohun tí ó ń dùn yín, mo sì mọ̀ pé àánú arábìnrin yìí ni ó mú yín sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n wà nínú òwe tí ẹ pa. Ó ń kọ́ wa pé ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ohun tí oore bá fà bá a. Ṣùgbọ́n ibi tí òwe náà parí sí kọ́ ni Olúwa wa parí sí. Nínú Lúùkù orí kẹfà, ẹsẹ karùndínlógójì, Jésù ní kí a fẹ́ràn àwọn ọ̀tá wa, kí a ṣoore, kí a sì yáni láìretí àtigbà padà, nítorí pé Ọ̀gá Ògo ń ṣeun fún àwọn aláìmoore àti àwọn ẹni búburú. Bí Ọlọ́run bá ti dá oore dúró nítorí àìmoore, èwo nínú wa ni ì bá wà láàyè láti kọ ọ̀rọ̀ síbí? Ẹ tún rántí pé Jákọ́bù, nínú lẹ́tà rẹ̀, orí kejì, bá àwọn wọnnì wí tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kí ó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ yá gágá, tí wọn kò sì fún un ní nǹkan kan. Àdúrà tí a fi rọ́pò oúnjẹ tí ó wà níkàáwọ́ wa kò yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ibi tí mo bá yín fohùn ṣọ̀kan ni ti ọkọ rẹ̀. Arábìnrin, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe oore sí ìta tí yóò fi di ìjà nínú ilé. Ẹ jókòó ti ọkọ yín, kí ẹ bi wọ́n pé nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, èwo ni wọ́n rí pé ó tó, èwo ni wọ́n sì lè bá yín gbé. Ọ̀pọ̀ ọkọ tí ó bá ní ó tó, ìrora ìyàwó wọn tí wọ́n ń wò ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra oore náà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọmọ tí ó wà ní Lọ́kọ́ja níhìn-ín, nítorí pé àárín irú wọn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. N kò mọ ọmọ yín, n kò sì lè jẹ́rìí ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ tí wọ́n wá láti ìlú wa, tí wọ́n há sí yàrá kan ní Fẹlẹlẹ tàbí Adankolo, tí wọ́n sì ń sá fún àwọn tí ó tọ́ wọn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mi ni pé, “Pásítọ̀, kí ni mo fẹ́ mú lọ bá wọn?” Ní tiwa, bí ọmọ bá ti ríṣẹ́, gbogbo ojú ni ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ti tán lórí owó ilé àti ọkọ̀ kí oṣù tó dé ìdajì kò mọ bí yóò ṣe dé ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó ta kajú rẹ̀ lórí igi nítorí tirẹ̀, kí ó wá dúró lásán. Ojú a tì í, yóò yà fún wọn. Bí ó bá sì ti yà lẹ́ẹ̀kan, ìtìjú ìyàsí náà a tún bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, títí tí yóò fi dà bí ìgbéraga lójú ẹni tí ó ń wò ó.

Mo mọ̀ dájú pé ìyẹn kò dá ọmọ náà láre. Bí a bá lọ tọrọ ìyàwó, ó yẹ kí àwọn tí wọ́n tọ́ni gbọ́ kí ará àdúgbò tó gbọ́. Síbẹ̀, nínú Mátíù orí kejìdínlógún, Jésù fi ọ̀nà hàn wá fún ìgbà tí arákùnrin bá ṣẹ̀ wá: kí a lọ sọ ẹ̀bi rẹ̀ fún un láàárín àwa àti òun nìkan. Ẹ kò tíì sọ fún wa pé ẹ ti ṣe èyí. Ẹ má ṣe rán àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i, ẹ má sì ṣe gbé e dé ìpàdé ẹbí. Ẹ pè é fúnra yín tàbí kí ọkọ yín pè é, kí ẹ sọ fún un pé ẹ kò fẹ́ owó lọ́wọ́ rẹ̀, pé ohun tí ó dùn yín ni pé ó ń kọjá láìyà. Ọmọ tí ó bá ń sá nítorí ìtìjú yóò mọ̀ ọ́n lóore pé ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó yẹn kúrò nílẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbéraga ni lóòótọ́, ẹ ti ṣe ohun tí Olúwa ní kí ẹ ṣe.

Màmá ẹgbẹ́ obìnrin, Ẹ̀gbẹ́

Ọmọ mi, mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Àwọn ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Gbogbo ohun tí o kọ, ìwọ nìkan ni o ń ṣe é. Omi òwúrọ̀, ìwọ, oúnjẹ alẹ́, ìwọ, fóònù, ìwọ. Ìjọ dà?

Nígbà tí Jẹ́tírò rí Mósè tí ó jókòó láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ tí ó ń dájọ́ fún àwọn ènìyàn, ó sọ fún un ní gbangba pé ohun tí ó ń ṣe kò dára, pé yóò dá ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn náà lágara, nítorí pé ẹrù náà pọ̀ ju ẹnì kan lọ. Mósè gbọ́ràn sí àna rẹ̀ lẹ́nu, ó sì yan àwọn mìíràn. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn opó gan-an ni ó dá ìkùnsínú sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù. Àwọn Àpọ́sítélì kò fi sílẹ̀ fún arábìnrin kan tí àánú ń ṣe. Ọkùnrin méje tí wọ́n lórúkọ rere, tí wọ́n kún fún Ẹ̀mí, ni wọ́n yàn sí i. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí àwọn ará Gálátíà náà, gbogbo ìjọ ni ó bá sọ̀rọ̀. “Kí agara má ṣe dá wa,” ni ó wí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìkórè jẹ́ ti gbogbo wa.

Nínú ìjọ tiwa, ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, tí a kọ orúkọ àwọn opó àti àwọn arúgbó tí kò ní ẹnìkan nítòsí sí. Ilé kan ni ó ń gbé oúnjẹ lọ ní ọjọ́ kan, ilé mìíràn ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò lágbára láti se oúnjẹ lè mú gàárì wá, tàbí igi ìdáná. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń pọn omi. Ẹni tí ó bá bímọ tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a máa ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò fún ìgbà díẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn kò ní sọ pé ó rẹ òun títí tí yóò fi ṣubú. Àṣẹ kan ṣoṣo tí a kì í yẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ lọ gbọ́dọ̀ jókòó títí tí àgbàlagbà náà yóò fi jẹun tán. O sọ pé o ń gbé àwo sílẹ̀ tí o ń jáde. Ọmọ mi, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ ni ó kàn ọ́, wàá jókòó, ẹ ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní Àbújá náà kò gbọdọ̀ bọ́ lọ báyìí. Nínú Tímótì Kìíní orí karùn-ún, Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ opó kọ́kọ́ kọ́ láti san oore padà fún àwọn òbí wọn, nítorí pé èyí ni ó ṣe ìtẹ́wọ́gbà lójú Ọlọ́run. Ní ẹsẹ kẹjọ, ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó le: ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó sì burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Ìjọ ni ó yẹ kí ó fi èyí yé wọn, kì í ṣe ìwọ. Bí a bá ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọn fún wọn tí ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n jókòó, a ò ran ìyá wọn lọ́wọ́ tán, a ò sì ràn àwọn náà lọ́wọ́.

Gbogbo wa ní ilẹ̀ Yàgbà ni a mọ orúkọ Tommy Titcombe, ajíhìnrere ẹgbẹ́ míṣọ́n SIM (Sudan Interior Mission) tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1908. Orúkọ rẹ̀ ni a fi sọ Titcombe College tí a dá sílẹ̀ níhìn-ín ní Ẹ̀gbẹ́ ní 1951. Ilé ìwòsàn tí SIM dá sílẹ̀ níbí ti wà lọ́wọ́ ìjọ ECWA báyìí, wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ títí di òní. Nígbàkúùgbà tí mo bá kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń ronú nípa àwọn tí a kò kọ orúkọ wọn sára ohunkóhun: àwọn ògbufọ̀, àwọn tí wọ́n gbé ẹrù, àwọn ìyá tí wọ́n se oúnjẹ fún àwọn aláìsàn tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọlọ́run kì í ṣe aláìṣòdodo tí yóò fi gbàgbé iṣẹ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sí Hébérù 6:10. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dá iṣẹ́ yẹn gbé ni, yóò ti bá ẹni náà kú.

Olùkọ́ Ìsánlú

Ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi. Wọ́n ní kí n sọ fún Pásítọ̀ pé òótọ́ ni ohun tí wọ́n wí nípa ọkọ tí ó ní ó tó, àti pé àwọn fúnra wọn ni yóò pe ọmọ náà ní Lọ́kọ́ja. Ní ti alábàágbé wa, a ti fohùn ṣọ̀kan pé kò sí owó yíyá mọ́. Bí ó bá fẹ́, ọkọ mi yóò bá a ro oko náà pẹ̀lú ọwọ́.

Ìbéèrè kan ni ó kù. Bí a bá lọ bá olórí ẹbí, tí àwọn ọmọ ìyá náà sì wá sọ pé kí n má ṣe wọ ilé àwọn mọ́, kí ni kí n ṣe? Ìyá náà kò lè dá gbọ́únjẹ.

Màmá ẹgbẹ́ obìnrin, Ẹ̀gbẹ́

Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, má ṣe bá wọn jà. Ìyá wọn ni, ilé wọn sì ni. Ṣùgbọ́n kí ìjọ béèrè lọ́wọ́ wọn, níwájú olórí ẹbí, ẹni tí yóò máa fún ìyá náà lóúnjẹ láti alẹ́ ọjọ́ yẹn lọ, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni náà. Bí wọ́n bá mú ìbátan wọn kan wá, ẹ fi ọkàn kan fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, kí o sọ fún un irú oúnjẹ tí ìyá lè jẹ àti bí omi wọn ṣe ń gbóná tó. Bí wọn kò bá rí ẹnikẹ́ni mú wá, kí àwọn obìnrin ìjọ mìíràn máa wọlé dípò rẹ, kí ìwọ máa se oúnjẹ ọjọ́ tìrẹ nílé, kí wọ́n sì bá ọ gbé e lọ.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ olórí ẹbí, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kí ẹ tó sọ ti oúnjẹ. Bí ti ilẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, etí wọn yóò ṣí sí ìyókù. Kí ẹ sì lọ nígbà tí àwọn ọmọ náà bá wà nílé. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń wálé fún Àjíǹde, má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ́ lórí fóònù. Bí ìjọ yín kò bá tíì ní irú ìwé tí mo sọ yẹn, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Èmi àti akọ̀wé wa lè wá sí Ìsánlú ní ọjọ́ Sátidé kan, kí a bá àwọn ìyá ìjọ yín jókòó, kí wọ́n wo bí a ṣe ń kọ ọ́.